Ọwọ́ ó-ku-ọ̀kan: 4 sí 1 kì í ṣe 1 nínú 4

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Houston dá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ti ràn bí iná ọyẹ́. Ìbéèrè wọn kò gùn. Ọmọ wọn ọkùnrin ń ta pókà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń ṣírò bóyá káàdì tí èèyàn ń retí máa dé tàbí kò ní í dé, wọ́n wá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ló kún àwọn lẹ́nu. Wọ́n ní ká bá àwọn wá orúkọ fún nǹkan mẹ́ta: ọwọ́ tí kò tíì pé (draw lẹ́nu Òyìnbó), káàdì tó lè mú un pé, àti ohun tí Òyìnbó ń pè ní odds. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìdáhùn ti lé ní ogún. Bí wọ́n bá ní ká dá owó jọ ni, a ò ní í yára tó bẹ́ẹ̀.

N ó sọ tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kan kalẹ̀, torí ó jọ pé àwọn kan nínú wa ń sọ ọmọ lórúkọ láì tíì rí ojú ọmọ.

Pókà tí à ń sọ yìí ni ti Texas. Wọ́n á fún oníkálukú ní káàdì méjì tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí, wọ́n á wá máa ṣí márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan sí i. Márùn-ún tó bá dára jù nínú méje ni ọwọ́ rẹ. Láàárín ìgbà tí wọ́n ń ṣí i yìí ni owó ń wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti àbúrò mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà yíyan ni a fi ṣe owó. Éèsì àti 7 ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, sípéèdì ni méjèèjì. Mẹ́ta tí a ṣí sílẹ̀ ni kíǹgì sípéèdì, 4 sípéèdì, àti 9 háàtì. Sípéèdì mẹ́rin nìyẹn, márùn-ún tó jẹ́ irú kan náà sì jẹ́ ọwọ́ tó lágbára. Bí karùn-ún bá dé, agbára káká ni àbúrò mi fi máa rí ohun tó lè bò mí mọ́lẹ̀. Bí kò bá dé, mi ò ní ju éèsì kan tó dá dúró lọ. Ọwọ́ náà kò tíì jẹ́ nǹkan kan, síbẹ̀ kò ṣeé jù nù. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ la ń wá orúkọ fún.

Ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn pè é ní «ọwọ́ àwòrán». Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwé atúmọ̀ èdè ló ṣí, ó rí draw, ó rí «ya àwòrán», ó bá pa ìwé dé. Ẹnì kejì sọ pé «ọwọ́ fífà», ìyẹn sì sàn díẹ̀, torí pé nínú pókà àtijọ́, èèyàn máa ń da káàdì tí kò wù ú nù, á sì fa òmíràn látinú ìdì. Ibẹ̀ ni Òyìnbó ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nínú ti Texas, kò sẹ́ni tó ń fa nǹkan kan. Káàdì ń bọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ìwọ ń wò ó. Fífà ti lọ, orúkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sínú Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ìdí tí àwa fi máa gbé àjẹkù yẹn.

«Ọwọ́ ìrètí» ńkọ́? Ó dùn létí, àmọ́ ta ni kò nírètí? Ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá lọ́wọ́ náà ń retí, ọ̀pọ̀ ìgbà gan-an ló sì ń retí ju ẹni tó ní lọ.

Àǹtí wa tó ń kọ́ni ní Òṣogbo ló mú èyí tó dára jù wá, wọ́n ní «ọwọ́ akùdíẹ̀káàtó». Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì hàn ketekete: ó ku díẹ̀ kó tó. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ohun méjì ló mú mi fà sẹ́yìn. Àkọ́kọ́, àwọn èèyàn tí nǹkan ò ṣẹnuure fún la máa ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pín ìrẹsì fún nígbà ọdún. Ẹni tó bá ní irú ọwọ́ tèmi yẹn kò yẹ lẹ́ni à ń ṣàánú. Èkejì ló ká mi lára jù: «díẹ̀» kò ní iye. Gbogbo ohun tí ọmọ tó wà ní Houston fẹ́ mọ̀ kò ju iye lọ.

Mo ń wo káàdì mi báyìí, mo gbàgbé pé ojú mi ń sọ̀rọ̀. Àbúrò mi, tó jẹ́ pé inú wọ́ọ̀tì ló ti kọ́ káàdì títa, gbé orí sókè, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n mi, ó ku ọ̀kan, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?» Mo ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀. Àmọ́ ó ti fún mi lọ́rọ̀.

Ọwọ́ ó-ku-ọ̀kan. Lẹ́nu, ó máa ń di «ókọ̀kan», kò sì burú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní nínú wọ́ọ̀tì, ẹyọ kan ló kù kó kúrò lọ́wọ́ ẹ, nínú pókà, ẹyọ kan ló kù kó dé. Òótọ́ ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n kọjú sí. Àmọ́ ohun tí ó ku ọ̀kan ń sọ nínú méjèèjì ni bí ìparí ṣe súnmọ́ tó, ìyẹn la sì nílò. Ẹ tún wo bó ṣe ń bímọ: bí ó bá jẹ́ káàdì méjì ló kù, tó jẹ́ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ dé, ó-ku-méjì nìyẹn. Òyìnbó gbé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé (backdoor) wọ inú ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè sọ ọ́, ẹnì kan nínú wa sì ti fẹ́ kí á bá wọn gbé ilẹ̀kùn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà nílé wọn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: mo gba «ìdílé» tí wọ́n dábàá fún sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ǹdì àti kílọ́ọ̀bù láìjanpata. Ìdílé mẹ́rin, èèyàn 13 nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, ọba àti ayaba wà níbẹ̀. Ta ló tún ń wá òmíràn?

Ó-ku-ọ̀kan náà kì í ṣe ẹyọ irú kan. Ká ní o ń wá márùn-ún tó tẹ̀ léra, tí 8 àti 9 wà lọ́wọ́ rẹ, tí 10 àti jáàkì sì wà nílẹ̀: 7 lè parí rẹ̀ nísàlẹ̀, kùíìnì lè parí rẹ̀ lókè, káàdì mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ká ní 5, 6, 8 àti 9 lo ní, 7 nìkan ló lè dí àárín, mẹ́rin péré ló sì wà láyé. Mo fẹ́ ká pe èyí ní ọwọ́ èjí. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ní èjí, kò sí àlàyé tó jù bẹ́ẹ̀. Èjí ń buyì kún ẹ̀rín, àmọ́ nínú pókà, owó ló ń gbà kọjá.

Káàdì tó ń mú ọwọ́ pé wá ńkọ́? «Ìjáde» ni àwọn kan sọ, torí pé outs ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìjáde kò bá a mu, káàdì yìí ń wọlé ni. «Káàdì olùgbàlà» mú mi rántí ìsọjí òru. Èmi fara mọ́ «àbáyọ». Kì í ṣe torí pé ó jọ Gẹ̀ẹ́sì; ọ̀nà àbáyọ ti wà lẹ́nu wa kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pókà rí, ẹni tó sì wà nínú ìjàngbọ̀n ló ń wá a. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ku ọ̀kan, abẹ́ ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká ka tèmi. Káàdì 52 ló wà nínú ìdì. Mo rí méjì lọ́wọ́ mi, mo rí mẹ́ta nílẹ̀, ó ku 47 tí ojú mi ò tó. Ẹ má yọ méjì tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi kúrò o. Mi ò rí wọn, nítorí náà ìkan náà ni wọ́n àti àwọn tó ṣì wà nínú ìdì. Ibẹ̀ ni ẹni méjì nínú wa ti kọsẹ̀ tí wọ́n fi kọ 45. Sípéèdì 13, mẹ́rin ti fojú hàn, àbáyọ 9.

Àbáyọ ẹ̀tàn náà wà. 9 sípéèdì á parí ọwọ́ mi, àmọ́ bí àbúrò mi bá mú kíǹgì kan àti 9 kan dání, 9 kan náà yẹn á sọ tirẹ̀ di 9 mẹ́ta pẹ̀lú kíǹgì méjì, á sì jẹ mí ní àjẹyó. Àbáyọ tó yọ ọ̀tá rẹ pẹ̀lú rẹ kì í ṣe àbáyọ. Wọ́n tún máa ń ka àbáyọ kan lẹ́ẹ̀mejì: bí 8 àti 9 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá jẹ́ háàtì, tí háàtì méjì sì wà nílẹ̀, tí 10 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, háàtì mẹ́sàn-án tó ṣẹ́ kù ń ṣiṣẹ́ fún ọ, 7 àti kùíìnì mẹ́jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn kì í ṣe 17. 7 háàtì àti kùíìnì háàtì wà nínú ilé méjèèjì. 15 ni.

Ó wá kan odds, òun gan-an ló gbé mi dìde láti kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ báyìí: «Ìṣeéṣe ni. Bí wọ́n bá ní 4 sí 1, ìyẹn ni pé 1 nínú 4.» Ẹni mẹ́fà ló sì ní «ẹ ṣeun sà» sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, èdè wa fúnra rẹ̀ ló sì máa jẹ́rìí.

Ẹ tan rédíò lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní wọ́n fi àmì ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan borí, góólù mélòó ló wọlé lọ́jọ́ yẹn? Márùn-ún ni. Kò sí ọmọdé tó máa sọ pé mẹ́rin. «Sí» ń gbé apá kan kọjú sí apá kejì ni. Ọ̀kan yẹn kò sí lára mẹ́rin. «Nínú» kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló ń ṣàìsàn, ọmọ tó ń ṣàìsàn wà lára mẹ́rin náà, mẹ́ta ni ara wọn dá. Nítorí náà, 4 sí 1 (ìkùnà mẹ́rin sí àbáyọ kan) jẹ́ 1 nínú 5. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń sọ òótọ́ kan ṣoṣo, àwa sì ti ní méjèèjì. A kàn ń wá orúkọ gígùn kiri nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọwọ́ mi: 9 nínú 47, ó súnmọ́ 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Tàbí: 38 sí 9, torí 38 nínú 47 ni kò wúlò fún mi, ó sì jẹ́ bíi 4.2 sí 1. Ẹ fi 38 kún 9, ẹ máa rí 47.

Bí ẹ bá ní dandan ni kí nǹkan lórúkọ, «ìwọ̀n ìṣeéṣe» ni tèmi fún ti «nínú». Ìṣeéṣe nìkan kò tó. Ìṣeéṣe ń sọ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀, kò sọ bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó. Ti «sí» le díẹ̀. «Oríire» kò ṣeé lò, oríire kò ní ìṣirò. «Ìdojúkọ» dára nínú gírámà, àmọ́ gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nínú àdúrà, ìṣòro ló ti dà. Mo dábàá «ìkùnà-sí-àbáyọ». Ó gùn, mo mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ta á, kò sẹ́ni tó máa pè é tán. 38 sí 9 ni wọ́n máa sọ, ẹnu á sì sinmi.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ní «ọ́ọ̀dù» ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin kan sì ní ká gba ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ rọra. Ọ́ọ̀dù 5.00 níbẹ̀ ni pé bí o bá fi ₦100 sí i tí o sì jẹ, ₦500 ni wọ́n máa kà fún ọ, ₦100 tìrẹ wà nínú rẹ̀. Èrè rẹ jẹ́ ₦400. Ẹni tó ń ta pókà á pe ohun kan náà ní 4 sí 1. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, ẹnì kan máa fi ẹ̀pà rẹ̀ jìyà. Ẹni tó ní kí á kúkú sọ ọ́ di «odù», torí ó jọ ọ́ létí, mo mọ̀ pé àwàdà ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ tó lè ṣí tàbí kó dé, àti pé ibẹ̀ ni 256 ti wá. Àmọ́ babaláwo kò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ jù sílẹ̀ kó lè jẹ owó ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ fi Odù sílẹ̀ fún Ifá.

Ìdí tí mo fi rọ̀ mọ́ «sí» nìyí. Owó tó wà nílẹ̀ (ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe «ìkòkò» tí wọ́n tú láti ara pot, ta ló gbé ìkòkò dé ibẹ̀?) jẹ́ ẹ̀pà 60. Àbúrò mi ju 20 lé e. Ó di 80. Kí n tó lè rí káàdì kẹrin, èmi náà gbọ́dọ̀ mú 20 wá. 80 sí 20, ìyẹn 4 sí 1. Káàdì mi sì ń sọ pé 4.2 sí 1. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé ohun tó wà nílẹ̀ kò tó ewu tí mo fẹ́ wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló fi dín. Ká ní 15 ló jù, 75 sí 15 ì bá jẹ́ 5 sí 1, mi ò sì ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dán an wò pẹ̀lú «nínú» kí ẹ wo bí ẹ ṣe máa kọ́kọ́ ro owó tiyín mọ́ tilẹ̀ kí ẹ tó rí ohun tí ẹ máa pín.

Nígbà tó jẹ́ káàdì méjì ló ṣì ń bọ̀, «nínú» gba ipò rẹ̀ padà. Ẹ má ro 9 nínú 47 mọ́ 9 nínú 46. Ọjọ́ tí sípéèdì bá dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti kà á ní àkàtúnkà. Ìkùnà ni kí ẹ kà: 38 nínú 47, lẹ́yìn náà 37 nínú 46. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ máa rí 1406 nínú 2162. Ohun tó ṣẹ́ kù, 756, ni ìgbà tó máa dé: 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ta á kì í dúró ṣe èyí. Wọ́n á sọ àbáyọ di ìlọ́po mẹ́rin bí káàdì méjì bá ń bọ̀, ìlọ́po méjì bí ó bá ku ẹyọ kan. 9 á fún ọ ní 36, kò jìnnà. Ọwọ́ èjí á fún ọ ní 16, òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 16.5. Ṣùgbọ́n àbáyọ 15 á fún ọ ní 60, nígbà tó jẹ́ pé 54 ni. Bí àbáyọ bá ti pọ̀, ìlọ́po mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́.

Ohun kan tó wù mí nínú ìtàn ìṣirò yìí: lọ́dún 1654, ní ilẹ̀ Faransé, Pascal àti Fermat ń kọ lẹ́tà síra wọn nípa tẹ́tẹ́ tí wọ́n dá dúró láìparí. Ẹni méjì ń ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ni gbogbo owó, owó náà jẹ́ 64. Ọ̀kan ti jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n bá dìde. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Pascal kò pín in ní 2 sí 1. Ó wo ohun tó kù fún oníkálukú: èyí ku ọ̀kan, ìyẹn ku méjì. 48 fún ẹni tó ku ọ̀kan, 16 fún ẹni tó ku méjì. Nígbà tí mo rántí èyí, ọkàn mi túbọ̀ balẹ̀ lórí orúkọ tí àbúrò mi mú wá.

Ó-ku-méjì wa náà rèé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ìṣirò rẹ̀: bí ìdílé kan bá jẹ́ mẹ́ta péré lójú rẹ lẹ́yìn ṣíṣí àkọ́kọ́, 10 nínú 47, lẹ́yìn náà 9 nínú 46. Kò ju bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston, ẹ sọ fún ọmọ yín kó má fi owó oúnjẹ lé e.

Àwọn tó béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ bí ọwọ́ mi ṣe parí: mo san 20 náà, mo ní bí sípéèdì bá dé, ẹ̀pà púpọ̀ sí i á wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì kẹrin jẹ́ 2 dáyámọ́ǹdì. Àbúrò mi ju 50 sílẹ̀ lórí 100. 150 sí 50, 3 sí 1, mo sì nílò ju 4 lọ. Mo da káàdì délẹ̀. Ó kó gbogbo ẹ̀pà náà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o jẹ lójú mi, kò sì tíì sọ ohun tó mú dání fún mi títí di òní.